Ẹni Kẹwàá Nílé Bàtà

Ẹnu ló kó bá Ìyá Oníbàtà. Kò jalè, kò bá ẹnikẹ́ni jà, kò purọ́ mọ́ ẹnìkan. Ẹnu lásán ni, ẹnu tí ìyá tó bí i ti kìlọ̀ fún un nípa rẹ̀ láti kékeré pé, "Ìwọ ọmọ yìí, lọ́jọ́ tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta àgádágodo ẹnu lọ́jà, tìẹ ni mo máa kọ́kọ́ rà." Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí, wọn ò tíì gbé àgádágodo ọ̀hún dé ọjà.

Ilé iṣẹ́ rẹ̀ kò ju yàrá gbọọrọ kan lọ, lẹ́bàá títì. Ilẹ̀kùn kan ló ní níwájú, fèrèsé fífẹ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn náà, òrùlé rẹ̀ sì jẹ́ páànù tí kì í jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ohun tí ẹnìkejì ń sọ tí òjò bá ń rọ̀. Bẹ́ ẹ bá wọlé, òórùn awọ àti gọ́ọ̀mù ni yóò kọ́kọ́ kí yín káàbọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kí yín. Àwọn ẹsẹ̀ onígi tí wọ́n fi ń mọ bàtà wà lórí pákó lára ògiri, láti orí ẹsẹ̀ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn títí dé ti géńdé, wọ́n tò tẹ̀léra bí ẹni pé àwọn kan gun ògiri lọ tí wọ́n sì gbàgbé ẹsẹ̀ wọn síbẹ̀. Maṣíìnì méjì ló wà nínú ilé. Ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ dáadáa, èkejì ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí inú rẹ̀ bá dùn. Sálúbàtà àwọn ọmọ iléèwé ni wọ́n ń ṣe jù, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ rán okùn rẹ̀, tí ẹ̀gbọ́n ń wọ̀ kí àbúrò tó gbà á, tí àbúrò náà á sì tún bọ́ ọ fún ẹlòmíì.

Ọkọ rẹ̀ ló dá ibẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó máa kú, nǹkan mẹ́ta ló fi sílẹ̀ fún Ìyá Oníbàtà: òòlù, ẹsẹ̀ onígi, àti orogún.

Orogún yìí, Ìyàwó ni gbogbo ilé ń pè é títí dòní nítorí òun ni ọkọ fẹ́ gbẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ ìyàwó ọ̀hún ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin, eyín ẹnu rẹ̀ kò sì ju mẹ́rin lọ. Ọgbọ̀n ọdún ni àwọn méjèèjì fi jà lórí ọkùnrin tó ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta. Ìgbà tí wọ́n sin ín tán ni wọ́n tó wojú ara wọn. Ìyá Oníbàtà ní, "Ṣé nítorí eléyìí náà la ṣe ń fa ara wa láṣọ ya?" Ìyàwó ti wọ yàrá lọ, ó ti ti fèrèsé. Oṣù mẹ́ta ni kò ya irun, kò yọjú síta, ó ń gbẹ bí igi tí wọ́n bó èèpo rẹ̀. Ọjọ́ kan ni Ìyá Oníbàtà fi èjìká ti ilẹ̀kùn yàrá náà wọlé, ó ṣí fèrèsé gbàgà, ó ní, "Dìde. Wá bá mi di nǹkan mú."

Ohun tó wá dì mú lọ́jọ́ náà, abẹ́rẹ́ ni. Kò sì gbé e sílẹ̀ mọ́ láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Okùn tí ọwọ́ Ìyàwó bá rán, awọ á gbó kí ó tó já.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni ọkùnrin kan wọlé, ó há fáìlì sí abíyá, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Ó kí wọn, ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó mú sálúbàtà ọmọdé kan, ó yí i síwá sẹ́yìn.

"Màmá, mélòó lẹ lè ṣe nínú ọ̀sẹ̀ kan?"

Ọkàn Ìyá Oníbàtà fò sókè. Gbogbo ẹni tó bá ń ṣe bàtà ló mọ èyí: ẹni tó bá kọ́kọ́ béèrè iye owó, ẹsẹ̀ méjì péré ló fẹ́ rà fún, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ́kọ́ béèrè pé mélòó lẹ lè ṣe lọ́sẹ̀, odidi iléèwé ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Iye tẹ́ ẹ bá fẹ́ ni, ọ̀gá mi! Ẹ jókòó. Ìyàwó, gbé àpótí wá fún ọ̀gá. Ẹ wò ó, àwa tẹ́ ẹ rí yìí, a ò kéré o."

"Ẹ̀yin mélòó lẹ wà níbí?"

Ẹ ò rí i, ẹni tó bá lọ́gbọ́n lórí á ní, "Àwa díẹ̀ náà ni, a dúpẹ́." Ìyá Oníbàtà dìde dúró. Ó tún aṣọ ìdí rẹ̀ ró. Ó na ọwọ́ bí ẹni tó fẹ́ fi ààfin han àlejò.

"Mẹ́wàá! Mẹ́wàá géérégé! Tí àyè bá tún fẹ̀ sí i, ẹ máa bá wa ní ogún. Ẹ jẹ́ kí n kà wọ́n fún yín. Èmi rèé, nọ́ńbà kìíní, ọwọ́ yìí kò tíì gbó. Tíṣà rèé, òun ló ń gé awọ. Iléèwé ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ tẹ́lẹ̀ kí owó oṣù tó di ìtàn. Ológọ́ọ̀mù nìyí, bó bá lẹ nǹkan mọ́ nǹkan, ọkọ àti ìyàwó ò lè lẹ̀ mọ́ra tó bẹ́ẹ̀." Ó kà wọ́n lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bu iyọ̀ sí ti oníkálukú, títí ó fi dé orí ẹni tó gbé àpótí dání. "Ẹni kẹwàá wa rèé. Ẹ má wo ti eyín ẹnu ẹ̀ o. Nínú ká fọwọ́ rán bàtà, òun lọ̀gá. Ẹ wá gbogbo ìlú yìí kiri, ẹ ò lè rí irú ẹ̀."

Àpótí bọ́ lọ́wọ́ Ìyàwó. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti jọ ń gbé, Ìyálé rẹ̀ kò yìn ín lójú rẹ̀ rí.

Ọkùnrin náà ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní kí Màmá fọwọ́ síwèé kí àwọn ọ̀gá òun lè mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ lòun ti gbọ́ ọ. Màmá fọwọ́ sí i, ó sì fa ìrù sí ìdí orúkọ náà kó lè lẹ́wà. Ibi tó ti ń fọwọ́ síwèé ló ti rí i pé bàtà ẹsẹ̀ ọkùnrin náà ti ya lẹ́nu. Ó yọ sálúbàtà aláwọ pupa kan lára ìṣó, iṣẹ́ ọwọ́ Ìyàwó, ó ní kó wọ̀ ọ́. Ọkùnrin náà ní rárá, wọn ò gbà á láyè. Màmá ní, "Ta ni ò gbà yín láyè? Ẹ wọ̀ ọ́, jàre, kẹ́ ẹ fi han àwọn tó rán yín níṣẹ́." Ó wọ̀ ọ́. Bó ṣe jáde báyìí, Ìyá Oníbàtà bẹ́ sí ijó. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ìbàdí fi ro ó.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́tà dé. Tíṣà ló kà á, òun ló ń ka gbogbo ìwé fún wọn. Ó dúró sí àárín ilé, ó wo lẹ́tà náà bíi pé ìwé ìdánwò ọmọ olódo ni.

"Lẹ́yìn ìbẹ̀wò tí òṣìṣẹ́ wa ṣe sọ́dọ̀ yín, tí ẹ̀yin fúnra yín sì fọwọ́ sí i pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ pé mẹ́wàá…"

"Òṣìṣẹ́ ta ni?" Ìyá Oníbàtà béèrè.

"Ti ìjọba, Màmá. Àwọn tó ń bójú tó iléeṣẹ́."

"Kì í ṣe oníbàárà ni?"

"Kì í ṣe oníbàárà."

Ìyá Oníbàtà jókòó. Tíṣà ń kà á lọ. Ìwé náà ní, níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti pé mẹ́wàá, wọ́n ti kúrò nínú iléeṣẹ́ kéékèèké, wọ́n ti di iléeṣẹ́ ńlá, ohun tí wọ́n sì ń béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ńlá nìyí. Àkọ́kọ́ ni àtẹ̀gùn onírin lẹ́yìn ilé, tí wọ́n máa gbà sá àsálà bí iná bá sọ.

"Àtẹ̀gùn tó ń ti ibo lọ síbo?"

"Wọn ò sọ, Màmá."

"Tíṣà, ilé wa ò lókè. Tí iná bá sọ, ṣé ká kọ́kọ́ gun orí páànù lọ ká tó sọ̀ kalẹ̀ sá ni?"

Ológọ́ọ̀mù ní, "Ó lè jẹ́ pé wọ́n fẹ́ ká tètè dé ọ̀run ni." Ẹ̀rín sọ nínú ilé.

Tíṣà ka èkejì: ilé ìyàgbẹ́ méjì, ti ọkùnrin lọ́tọ̀, ti obìnrin lọ́tọ̀, kí omi máa sá nínú méjèèjì. Ẹ̀kẹta: yàrá kan fún aláìsàn, pẹ̀lú ibùsùn, kí nọ́ọ̀sì máa wá jókòó síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹ̀kẹrin: ẹnìkan tó ní ìwé ẹ̀rí, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ní ju kó máa wo bí àwọn yòókù ṣe ń ṣiṣẹ́, tí òun fúnra rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan iṣẹ́ mìíràn.

"Kó kàn jókòó máa wò wá?"

"Bẹ́ẹ̀ ló wà níbí."

"Ọkọ mi ṣe iṣẹ́ yẹn fún ọgbọ̀n ọdún, kò gba ìwé ẹ̀rí kankan!"

Ìyàwó gan-an rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Ṣùgbọ́n Tíṣà ò rẹ́rìn-ín. Ó ka ìlà tó gbẹ̀yìn: ọgbọ̀n ọjọ́. Bí wọn ò bá rí gbogbo rẹ̀ láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, wọ́n á wá ti ilẹ̀kùn pa. Lẹ́yìn náà ló yí ìwé náà, ó ka èyí tí wọ́n fi lẹ́tà wínníwínní kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀: ibi tí òṣìṣẹ́ kò bá ti pé mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ yìí kò kàn wọ́n rárá.

Wọn ò wojú ara wọn, ṣùgbọ́n kálukú ń rò ó nínú ara rẹ̀ pé ta ló máa kúrò nínú mẹ́wàá. Ológọ́ọ̀mù lọ́mọ mẹ́rin. Tíṣà ló ń tọ́jú bàbá rẹ̀ tí kò lè rìn. Ta ni kò ní ẹnu tó ń dúró dè é nílé?

Ìyàwó bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ká a dáadáa, ó gbé e ka orí àpótí. Lọ́jọ́ kejì kò wá. Lọ́jọ́ kẹta, Ìyá Oníbàtà kò lè fara dà á mọ́, ó lọ sí yàrá rẹ̀. Fèrèsé ti tún wà ní títì.

"Ta ló ní kó o má wá?"

"Ìyálé mi, ẹ jẹ́ kí n jókòó. Àwọn yẹn ń tọ́ ọmọ. Èmi, kí ni mò ń tọ́? Eyín mẹ́rin?"

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi lé ọ, o ò lọ. Mo bú ọ, o ò lọ. Mo da omi sí ọ lára, o tún wá yá aṣọ ìnura lọ́wọ́ mi láti fi nù ún. Ìgbà tí mo wá ní kó o dúró ni ẹsẹ̀ rẹ mọ ọ̀nà?"

Ìyàwó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì yí padà lẹ́nu rẹ̀, ó di ẹkún. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó wà lórí itan. "Ìyálé, n ò ní tàn yín jẹ. Tí mo bá jókòó sínú yàrá yìí lẹ́ẹ̀kejì, n ò ní dìde mọ́."

Ìyá Oníbàtà mọ̀ pé òótọ́ ni. Ó ti rí i bó ṣe ń gbẹ nígbà àkọ́kọ́. Ó ṣí fèrèsé, ó ní, "Fún mi lọ́jọ́ kan péré," ó sì jáde kí orogún rẹ̀ má bàa rí ojú òun.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó gba ọ́fíìsì ìjọba lọ. Ilé alájà méjì ni, àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ló sì ní, wọ́n to fáìlì sí apá ọ̀tún àtẹ̀gùn náà láti ìsàlẹ̀ dókè, èèyàn ní láti fẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn kó tó kọjá. Yàrá kẹrin ní kó lọ sí ìkeje. Ìkeje ní ẹni tó ń rí sí i ò sí nílé, kó jókòó. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì títí oòrùn fi kúrò lápá kan dé apá kejì. Ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́n. Ó béèrè ilé ìtọ̀, wọ́n ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lápò ọ̀gá, ọ̀gá sì ti rìnrìn àjò. Kò rí nǹkan mìíràn ṣe, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n pè é wọlé níkẹyìn, ẹni tó jókòó sẹ́yìn tábìlì, ọkùnrin onífáìlì yẹn náà ni. Sálúbàtà pupa ń bẹ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ̀yin!" Ìyá Oníbàtà pariwo. "Ẹ ò sọ fún mi pé ìjọba ni yín."

"Ẹ ò bi mí, Màmá."

Òótọ́ ni, kò bi í. Ẹnu tó ń sọ ti ara rẹ̀, nígbà wo ló fẹ́ ráyè bi ẹlòmíì? Ìyẹn dùn ún ju gbogbo rẹ̀ lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé fún mi. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ nínú rédíò pé kí á gba èèyàn síṣẹ́, pé kí okòwò máa dàgbà. Mo gba èèyàn. Mo dàgbà. Ẹ̀yin náà lẹ tún wá ní kí n sún kì?"

"Èmi kọ́ ni mo kọ òfin, Màmá. Wọn ò tíì bí mi nígbà tí wọ́n kọ ọ́."

"Ẹni tó kọ ọ́, ṣé ó ti rán bàtà rí?"

Ọmọbìnrin kan tó ń tẹ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin náà dá ọwọ́ dúró.

"Mo ti kà yín o. Láti ìsàlẹ̀ dé ibi tí mo dúró sí yìí, ẹ̀yin mọ́kànlélógójì ni. Ilé tiyín ní òkè méjì! Níbo ni àtẹ̀gùn onírin yín wà? Ilé ìtọ̀ kan ṣoṣo tẹ́ ẹ ní, ó ti bá ọ̀gá rìnrìn àjò. Bí iná bá sọ níbí báyìí, orí fáìlì yìí la máa yọ̀ gbà dé ìsàlẹ̀!"

Ọmọbìnrin náà fọwọ́ bo ẹnu. Onífáìlì wo ilẹ̀kùn bóyá ẹnìkan ń gbọ́. "Òfin ò kan ọ́fíìsì ìjọba, Màmá."

"Ẹ ṣeun. Àwọn yẹn ńkọ́?" Ó na ìka síta láti ojú fèrèsé. Ògiri gígùn kan wà ní òdìkejì títì, aláwọ̀ eérú, kò lópin. Ilé bàtà ńlá ni. Bàtà tó ti ilẹ̀ òkèèrè dé nínú páálí ni wọ́n ń lẹ ìsàlẹ̀ mọ́ níbẹ̀, wọ́n á lẹ orúkọ mọ́ ọn, ó di ọjà. "Ọ̀ọ́dúnrún èèyàn ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn ti ṣe àtẹ̀gùn tiwọn?"

"Àwọn yẹn yàtọ̀. Wọ́n fún wọn ní ìwé ìdásílẹ̀, ọdún mẹ́wàá. Kò sí èyí tó kàn wọ́n nínú gbogbo èyí, owó orí pàápàá kò kàn wọ́n."

"Kí ló fà á?"

"Kí wọ́n má bàa kó lọ sí ìlú mìíràn ni."

Ìyá Oníbàtà dúró, ó ń mí bí ẹni tó sáré. Láti ìgbà tí ó ti ń ṣe bàtà, ohun kan kò dùn ún dé egungun bí èyí. "Ó ti yé mi wàyí. Ẹni tó lè sá lọ lẹ ń kẹ́. Ẹni tí kò níbi tí ó ń lọ, tí ibojì ọkọ rẹ̀ wà níbí, tí ọmọ rẹ̀ wà níbí, tí ó ń ra awọ níbí tí ó sì ń tà á níbí, òun lẹ ń fún lọ́rùn. Nítorí ẹ mọ̀ pé kò lè kó lọ."

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀." Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn, kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó fa fáìlì wọn yọ, ó sì yí i síhà ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Ẹ wò ó. Mẹ́wàá ló fa gbogbo ariwo yìí. Ẹni mẹ́sàn-án, a ò béèrè abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ jẹ́ kí n fi bírò fa ìlà lé orúkọ kan, kí ó parí síbí. Èyí tó kẹ́yìn yìí," ó fi ẹnu bírò tọ́ orúkọ náà, "màmá àgbà tó gbé àpótí fún mi. Òun náà ti dàgbà. Kò sẹ́ni tó máa ní ẹ ṣe ohun tí kò dáa."

Ẹ̀kan ṣoṣo yìí ni Ìyá Oníbàtà wá ọ̀rọ̀ lẹ́nu tì láyé rẹ̀. Nígbà tí ohùn padà dé, kò pariwo, kò sì fi "ẹ" sí i mọ́.

"Bọ́ bàtà rẹ."

"Màmá?"

"Mo ní kó o bọ́ ọ."

Ó bọ́ ọ̀kan, ó fà á lé e lọ́wọ́ bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ibi ìwà ìbàjẹ́. Ìyá Oníbàtà yí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sókè, ó fi èékánná tọ ipa okùn lọ láti gìgísẹ̀ dé ọmọńdinrín.

"Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tó o ti ń wọ eléyìí gun àtẹ̀gùn yín. Ó já?"

"Kò já."

"Ó bó ọ lẹ́sẹ̀?"

"Rárá, Màmá."

"Ta ló rán an?"

Onífáìlì wo bàtà náà, ó wo fáìlì.

"Orúkọ tó o fẹ́ fa ìlà lé ni." Ó ju bàtà náà sí ẹsẹ̀ rẹ̀. "Òun lo fẹ́ kí n lé. Tí mo bá lé e, inú yàrá kan ló máa wọ̀, kò sì ní jáde níbẹ̀ mọ́ àfi tí wọ́n bá gbé e. Àtẹ̀gùn lẹ ní ẹ fi ń dáàbò bo òṣìṣẹ́. Èwo nínú àtẹ̀gùn yín ló máa gbé èyí jáde?" Ó gbá tábìlì. "Ta ló wà ní nọ́ńbà kìíní níbẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni."

"Èmi náà wà lára mẹ́wàá tẹ́ ẹ kà?"

"Gbogbo ẹni tó bá ń fọwọ́ kan iṣẹ́ nínú ilé ni òfin ń kà, títí kan ẹni tó ni ibẹ̀."

"Fa ìlà lé mi."

"Màmá! Ẹ̀yin lẹ ni iléeṣẹ́!"

"Ìwé yín ò ní kí n má ni ín. Ó ní kí n má wà nínú ilé fọwọ́ kan iṣẹ́. Fà á, kí n tó tọ̀ sára sórí àga ìjọba."

Ó fà á.

Bí ó ṣe di pé ẹni tó ti ń kan bàtà láti àádọ́ta ọdún kò gbọdọ̀ jókòó sínú ilé iṣẹ́ ara rẹ̀ nìyẹn. Ìyàwó padà sórí àpótí rẹ̀, ó ní òun ò lè gbà á, Ìyá Oníbàtà sì ní bí kò bá gbà á, kó wá bá òun jà, ó pẹ́ tí àwọn ti jà gbẹ̀yìn. Ọjọ́ méjì ni Màmá fi jókòó ságbàlá, ó ń pariwo "Ẹ fà á le! Ẹ má lù ú bẹ́ẹ̀ yẹn!" láti ẹ̀yìn ògiri títí orí fi ń fọ́ gbogbo wọn. Lọ́jọ́ kẹta ó gbé àga lọ sí ìta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó jókòó sí abẹ́ fèrèsé fífẹ̀ yẹn, ó na apá méjèèjì wọlé. Ìyàwó jókòó sí inú, ojú kan ojú, ó ń fi ẹsẹ̀ onígi lé e lọ́wọ́, ó ń fi òòlù lé e lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ Màmá wà nínú eruku ìta, ọwọ́ rẹ̀ ń kan bàtà nínú ilé. Àwọn tó ń kọjá ń dúró wò ó. Àwọn kan rò pé ó há sójú fèrèsé ni, wọ́n fẹ́ fà á yọ.

Ọjọ́ tí ọgbọ̀n ọjọ́ pé, òjò ṣú. Onífáìlì dé, fáìlì lábíyá, sálúbàtà pupa lẹ́sẹ̀. Ó yọjú wọ inú ilé, ó kà: mẹ́sàn-án. Ó padà síta, ó wo ẹ̀yìn Ìyá Oníbàtà.

"Màmá, ṣé inú lẹ wà ni, àbí ìta?"

"Wo ibi tí ìdí mi wà."

"Ọwọ́ yín ńkọ́?"

"Ìdí lẹ máa ń kà nílé ìjọba. Mo jókòó sí bẹ́ǹṣì yín látàárọ̀ lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó béèrè ọwọ́ mi."

Ó ṣì ń ronú lórí ohun tó máa kọ nígbà tí ọkọ̀ kan dúró lójú títì. Ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀, ó ní òun ni ọ̀gá iléèwé tó wà lẹ́yìn odò, ó ti rí sálúbàtà wọn lẹ́sẹ̀ ọmọ kan tó wọ̀ ọ́ fún ọdún mẹ́ta tí kò gbó. Ó mú ọ̀kan lójú fèrèsé, ó yí i síwá sẹ́yìn.

"Màmá, mélòó lẹ lè ṣe nínú ọ̀sẹ̀ kan? Irinwó ọmọ ni mo ní, wọn ó sì wọlé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀yin mélòó lẹ wà níbí?"

Òòlù dúró lọ́wọ́ Ìyá Oníbàtà. Nínú ilé, Ìyàwó gbójú sókè. Tíṣà gbójú sókè. Àpótí kan wà láàárín wọn tí ẹnikẹ́ni ò jókòó sí, ti Màmá ni. Ẹni mẹ́ta ni ó ti wá wáṣẹ́ láàárín oṣù yìí, tí ó ti ní kí wọ́n máa lọ, ọ̀kan nínú wọn mọ iṣẹ́ ju Ológọ́ọ̀mù lọ. Ẹni mẹ́tàlá lè ṣe irinwó láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tẹ̀ríntẹ̀rín. Onífáìlì dúró ti fèrèsé, fáìlì rẹ̀ ṣí, bírò wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àwa díẹ̀ náà ni," ni Ìyá Oníbàtà wí. "Mẹ́sàn-án péré."

"Háà. Ẹ ò lè bá a."

"A ò lè bá a."

Ọ̀gá iléèwé dá sálúbàtà náà padà sí ojú fèrèsé, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń dá ọmọ padà fún ìyá rẹ̀. Ó dúpẹ́. Ó wọ ọkọ̀, ó sì gba apá ibi tí ògiri aláwọ̀ eérú yẹn wà lọ.

"Kọ ọ́ sílẹ̀," Ìyá Oníbàtà sọ láìyíjú.

"Kí ni kí n kọ, Màmá?"

"Èyí tójú rẹ rí yìí. Bàtà irinwó ọmọ. Àwọn mẹ́ta tí mo dá padà. Kọ gbogbo ẹ̀ síbẹ̀."

Onífáìlì wo ìwé rẹ̀, ó ṣí ojú ewé kan, ó ṣí òmíràn, ó wá a tọkàntọkàn. "Kò síbi tí wọ́n ń kọ ìyẹn sí nínú fọ́ọ̀mù náà, Màmá," ló wí, ohùn rẹ̀ sì tẹ́ bí omi orí pẹpẹ.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ kán sórí páànù lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ló dà bí ẹni tú korobá. Onífáìlì sáré wọ abẹ́ òrùlé. Aṣọ ti lẹ̀ mọ́ Ìyá Oníbàtà lẹ́yìn, omi ń ṣàn bọ́ sí i lọ́rùn, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ tó wà nínú ilé gbẹ, ó sì tún ti ń kàn án. Ìyàwó gbé awọ gbọọrọ kan, ó na apá jáde lójú fèrèsé, ó fi bò ó lórí, ó ń pariwo kí ohùn rẹ̀ lè borí òjò.

"Ìyálé! Ẹ wọlé, ẹ̀yin obìnrin yìí! Ẹ ó kú!"

"Kí n wọlé kẹ̀?" Ìyá Oníbàtà náà pariwo padà, ó ń wo Onífáìlì tààrà. "Kí iye wa wá pé?"